Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Yìí? Dókítà, Wòlíì àti Aláìsàn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Méjì

Ọ̀dọ̀ dókítà kọ́ ni irú aláìsàn yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀bá ọ̀sà ní Ògùn Waterside, ká sọ pé Ìwòpin, ọ̀rọ̀ omi ni àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ pè é. Ọmọbìnrin tó ṣàdédé yí ohùn padà, tó ń pe ara rẹ̀ ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́, tó tún jí lẹ́yìn wákàtí kan tó ní òun ò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ta ni yóò rí i tí kò ní dárúkọ Olókun tàbí ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ odò? Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, wòlíì tàbí àfáà ni yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Bó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Olabisi Onabanjo University ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yóò ti fi àdúrà ṣàìsùn mọ́jú, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Ìgbà tí owó bá tán, tí oorun di ọ̀wọ́n nínú ilé, ni wọ́n tó máa ń dárúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Dídárúkọ Aro náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èébú ni kí èèyàn sọ fún ọmọnìkejì pé "Aro ló yẹ ọ́." Ọ̀nà ọ̀hún sì jìn. Láti Abigi, wọ́n á wọ ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á tún wọ òmíràn lọ sí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ni yóò wà tí ọkọ̀ bá fi dé. Kò sí ìyá tó máa wọlé wá sọ pé ọmọ òun ní àrùn tó ní orúkọ òyìnbó gígùn. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé: "Dókítà, ọmọ mi kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

Iṣẹ́ dókítà ni láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àìsàn tí à ń wí yìí ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní dissociative identity disorder, DID ní ìkékúrú. Nínú rẹ̀, ìwà èèyàn kan ṣoṣo pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń gba ara lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀kan lè jẹ́ oníjà, òmíràn ọmọ kékeré tó ń sunkún, òmíràn ọkùnrin nínú ara obìnrin. Ohun tí ọ̀kan ṣe lánàá, èkejì lè má rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé atọ́nà wọn, DSM, lọ́dún 1980, multiple personality ni wọ́n pè é. Ọdún 1994 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, kí wọ́n má baà máa rò pé èèyàn púpọ̀ ló kún inú aláìsàn náà. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ odindi.

Ní 2013, ẹ̀dà karùn-ún ìwé náà fi gbólóhùn kan kún ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó kan Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n gbà pé ní àwọn ilẹ̀ kan, irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pé ẹ̀mí gun èèyàn. Wọ́n tún fi òté kan lé e: bí ohun náà bá jẹ́ ara àṣà tàbí ẹ̀sìn tí gbogbo ìlú tẹ́wọ́ gbà, wọn kì í pè é ní àìsàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gba ọ̀nà tiwọn. Nínú ìwé tiwọn, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n fún DID ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì fún ẹni tí ẹ̀mí gùn títí ó fi di àìsàn ní nọ́ńbà mìíràn. Ìwé méjì, ẹnu wọn kò kò. Dókítà tó jókòó sí Ṣágámù tàbí Abẹ́òkúta ni yóò mọ èyí tí yóò kọ sínú fáìlì.

Òté yẹn ló ń fún dókítà ilẹ̀ wa níṣẹ́ jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ètò ìtò-kiri Corpus Christi tí àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ní Èkó. Ó rí áńgẹ́lì níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó wọ inú ìran, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láyìíká rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n ránṣẹ́ pe wòlíì Mósè Orímọ́ládé, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Kérúbù àti Séráfù ti ṣẹ̀. Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí irú ọ̀rọ̀ yìí rárá, nítorí Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹgbẹ́ aládùúrà Precious Stone ti bẹ̀rẹ̀ ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn fulúù ń pa èèyàn káàkiri ayé. Ṣé ara Abíọ́dún kò yá ni? Bí wọ́n bá fi ojú ìwé lásán wò ó, ẹnì kan lè fẹ́ kọ nọ́ńbà sí i lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ìtumọ̀ fún òun àti fún àwọn tó yí i ká, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì gbé e dé ipò aṣáájú tó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìsàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́gùn òrìṣà náà ńkọ́? Ọjọ́ ọdún ni òrìṣà ń gùn ún, kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò. Ìlù ló ń pè é, orin rẹ̀ wà, àwọn tí yóò dì í mú kó má baà ṣubú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí yóò fi padà bọ̀ sípò. Ó kọ́ ọ ni, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti jókòó sídìí gààrí rẹ̀ lọ́jà. Lóòótọ́, ó lè má rántí ohun tó sọ nígbà tó gùn, ṣùgbọ́n àìrántí yẹn ní ààlà, gbogbo ilé ló sì mọ ibi tí ààlà náà wà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò níbí kì í ṣe bóyá ẹ̀mí wà tàbí kò sí. Dókítà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá aláìsàn jiyàn lórí ìyẹn ti pàdánù ìyá náà, ó sì ti pàdánù ọmọ. Èyí tó yẹ kó bi wọ́n ni: ta ló pè é? Ìgbà wo ló ń dé? Ta ló ń ṣọ́ ọ nígbà tó bá dé? Kí ló ti bàjẹ́ nígbà tó bá fi máa lọ? Ohun tí ẹnì kan kò pè, tó ń dé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, lórí ọ̀kadà, nídìí iná tí ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, tó ń ba iṣẹ́ àti ilé jẹ́, ìyẹn kúrò ní ti ọdún òrìṣà, ó sì kúrò ní ti ìsọjí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, nítorí a kì í gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ìwé ìròyìn. Àpapọ̀ ohun tí àwọn ìwé ìṣègùn sọ àti bí ayé ibí ṣe rí ni. Ọmọ ọdún 21 ni, ó wà ní ọdún kẹta ní Àgọ́-Ìwòyè. Abúlé kan lẹ́bàá ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí kan tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá.

"Dókítà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti ilé ìwòsàn," ni ìyá fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ohùn tó ń yí padà, ti obìnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ omi, tó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ́kọ. Ó sọ ti òkè àdúrà mẹ́ta àti àfáà kan. Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù jáde, ó fẹ́ fi fídíò hàn.

"Ẹ ṣeun, bùọ̀dá. A máa wò ó tó bá yá. Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ yín, lẹ́yìn náà màá tún gbọ́ tiyín dáadáa."

Ó gbọ́n láti ti fídíò náà sẹ́yìn. Àwọn tó kọ ìwé atọ́nà gbà pé níbi tí ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀mí bá ti lágbára, ìyípadà máa ń hàn gbangba, nígbà tó jẹ́ pé ní ilẹ̀ òyìnbó ó sábà máa ń fara pamọ́. Ní Ìjẹ̀bú, nígbà náà, ohun ìwòran kò wọ́n dókítà. Ìwòran ọ̀hún gan-an ló lè tàn án jẹ. Igbe, ohùn bàbà àgbà àti ojú tó yí padà wà nínú oríṣiríṣi nǹkan, ti àìsàn àti ti àlàáfíà. Ohun tó yẹ kó wá ni wákàtí tó sọnù.

Nígbà tí wọ́n ku àwọn méjì, dókítà kò bi í pé "Èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ?" Ó bi í pé: "Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé o bá ara rẹ ní Ọ̀rù, tí o kò mọ ọkọ̀ tó gbé ọ débẹ̀?" Ó dúró. "Ṣé o ti rí aṣọ nínú báàgì rẹ rí, tí o kò rántí pé o rà á? Ṣé ẹnì kan ti kí ọ bí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rí, tí ìwọ kò mọ̀ ọ́n rí?" Lẹ́yìn náà ló dé orí fóònù, níbi tí àkọsílẹ̀ ayé ọ̀dọ́ òde òní wà: alẹ́ẹ̀tì báǹkì tó sọ pé wọ́n fa owó yọ ní POS ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ tó rò pé òun sùn, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi fóònù rẹ̀ kọ pẹ̀lú irú ìkọ̀wé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ó ti ṣẹlẹ̀, mà. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Ìdáhùn yẹn wúwo ju gbogbo fídíò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní DID kì í sábà wá fi í hàn. Ó ti ń fi ọgbọ́n bo ihò inú ọjọ́ rẹ̀ láti kékeré; bí wọ́n bá ní ó ṣe nǹkan, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn ti kó orúkọ òpùrọ́ lágboolé nítorí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí Frank Putnam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1986 fi hàn pé nǹkan bí ọdún méje ni irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti lò lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ibi tí àwọn oníṣègùn ti pọ̀ nìyẹn o.

Ọdún yẹn kan náà ni Putnam àti Eve Bernstein gbé ìwé ìbéèrè kan jáde, Dissociative Experiences Scale. Ìbéèrè 28 ló wà nínú rẹ̀, aláìsàn yóò sì sọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣẹlẹ̀ sí i, láti òdo títí dé 100. Ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ti tó 30 sókè, ó yẹ kí wọ́n jókòó tì í dáadáa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà kò lè dá ẹjọ́. Àléébù rẹ̀ nílẹ̀ wa tún wà. Ẹni tó ń lọ sí ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ń wọ inú ẹ̀mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè gba máàkì púpọ̀ láìsí àìsàn kankan lára rẹ̀, ìyá àgbà tí kò bá sì mọ ìdá ọgọ́rùn-ún yóò kàn máa wo ìwé náà ni. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó jinlẹ̀ jù, tí Marlene Steinberg ṣe, ń wá nǹkan márùn-ún: ìgbàgbé, kí ara ẹni dà bí ti ẹlòmíràn, kí ayé dà bí àlá, àìmọ ẹni tí èèyàn jẹ́, àti kí èèyàn máa hùwà bí ẹlòmíràn. Ó lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Kíníìkì ọjọ́ Mọ́ńdè, tí àwọn aláìsàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà, ta ló ní wákàtí mẹ́ta?

Àwọn ohun mìíràn tó jọ ọ́ pọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wárápá ni àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ kan wà tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ wá, tí kì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Onítọ̀hún á kàn máa wò sùn-ùn, á máa jẹ ẹnu, á máa fọwọ́ fa aṣọ, kò sì ní rántí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni, kì í sì bá èèyàn jiyàn tàbí sọ orúkọ. Ẹ̀rọ EEG lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀. Oògùn olóró ni èkejì: tramadol, igbó, oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní colorado, àti kodíìnì, tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ rẹ̀ wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ibà tó wọ ọpọlọ náà ń mú kí èèyàn sọ ìsọkúsọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á tún ní ìwé ló yí i lórí. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, ló kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé kò wọlé sí lórí mọ́, lọ́dún 1960. Ó pè é ní brain fag, wọ́n sì ń lò ó fún ọ̀pọ̀ nǹkan títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé sú máa ń mọ̀ pé òun ni ìwé sú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni ohùn. Aláìsàn ní òun ń gbọ́ ohùn, wọ́n kọ schizophrenia, irú wèrè kan, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní DID náà ń gbọ́ ohùn, wọ́n sì sábà máa ń sọ pé inú orí àwọn ni àwọn ti ń gbọ́ ọ, bí ẹni méjì tó ń jà nínú yàrá kan. Lọ́dún 1987, Richard Kluft yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ 30 wò, ó sì bá àwọn àmì tí wọ́n kà sí ti schizophrenia lára gbogbo wọn. Abẹ́rẹ́ lè mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn. Kò lè dá wákàtí tó sọnù padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà kì í fẹ́ gbọ́, tí àwọn wòlíì pẹ̀lú kò ní fẹ́ gbọ́. Ìbéèrè lè bí ohun tó ń béèrè. Ní 1973, Flora Rheta Schreiber gbé ìwé Sybil jáde, ìtàn obìnrin kan tó ní ìwà 16 nínú ara rẹ̀. Shirley Mason ni orúkọ obìnrin náà gan-an, Cornelia Wilbur sì ni dókítà rẹ̀. Kí ìwé yẹn tó jáde, wọ́n ní àkọsílẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò tó 200 láyé. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà tó yá, ó hàn pé Wilbur ti ń gún obìnrin náà lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí èèyàn sọ̀rọ̀, ó sì ń pe àwọn ìwà náà lórúkọ. Mason fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí i ní 1958 pé irọ́ ni òun ń pa, kó tó tún yí ọ̀rọ̀ náà padà. Debbie Nathan tú àpò ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 2011.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àìsùn kan ní ilé àdúrà. Ọmọ ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò jẹ́ kó sùn, èèyàn ogún yí i ká. "Ìwọ ta ni? Kí lorúkọ rẹ? Mélòó ni yín? Ta ló rán yín?" Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn Lígíónì inú Bíbélì, ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Yóò dáhùn. Orúkọ tó bá sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á máa fi pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orúkọ náà á sì máa jẹ́ wọn. Dókítà Amẹ́ríkà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, wòlíì pẹ̀lú ààwẹ̀: ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ kì í fi í ní kí "ìyẹn tó kù" jáde wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kì í sì í fún ìwà kankan ní orúkọ tí aláìsàn kò fún un.

Àwọn tó ń díbọ́n náà wà. Ọdún 1979 ni Kenneth Bianchi, tó pa ọ̀pọ̀ obìnrin ní Los Angeles, sọ pé ẹnì kan nínú òun tó ń jẹ́ Steve ló ṣe é. Onímọ̀ kan, Martin Orne, dẹ pàkúté fún un: ó mẹ́nu bà á bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn pé ti àwọn tó jẹ́ òótọ́ kì í mọ ní méjì. Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kẹta fi yọjú, orúkọ rẹ̀ ni Billy. Bianchi padà gbà pé òun jẹ̀bi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sá fún ìdánwò tàbí tó ná owó ẹgbẹ́ lè fẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Ẹni tó ń díbọ́n ń fẹ́ kí wọ́n wo òun. Ẹni tó ń ṣe lóòótọ́, ojú ń tì í.

Kí ló ń fà á? Ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, nínú àwọn tó ní DID, bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé wọ́n fìyà jẹ àwọn tàbí pa àwọn tì ní kékeré. Àlàyé ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé ọmọ kékeré kì í tíì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ìyà tó kọjá agbára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó papọ̀. Àwọn kan, bíi Nicholas Spanos, kọ àlàyé náà. Wọ́n ní àwùjọ àti oníṣègùn ló ń kọ́ aláìsàn ní ìwà tó ń hù. Èrò méjèèjì lè ní òótọ́ nínú. Ní Uganda, Marjolein van Duijl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá èèyàn 119 sọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti sọ pé ẹ̀mí gùn, wọ́n fi wọ́n wé 71 tí kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2010, rí i pé àwọn tí ẹ̀mí gùn ti rí ìjìyà tó pọ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Nílẹ̀ wa, ìwádìí tí àjọ National Population Commission ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC ní 2014 sọ pé nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n ti hùwà ipá sí kó tó pé ọdún 18, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin sì ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ.

Nítorí èyí ni dókítà ṣe ní kí ìyá jáde síta. Ọmọ àpẹẹrẹ wa kò dàgbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹni tó tọ́ ọ ń san owó ilé ìwé rẹ̀ títí di báyìí. Dókítà kò gbọdọ̀ sọ pé "Ṣé wọ́n fìyà jẹ ọ́ níbẹ̀?" bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn, ó kàn ní kó sọ bí ilé ọ̀hún ṣe rí, ibi tó ń sùn, ẹni tó ń jí i láàárọ̀, ìgbà tó ń fẹ́ sá lọ. Bí ìtàn bá máa jáde, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn jáde, ó sì lè má jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ mìíràn: bóyá ọmọ náà ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ rí, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà ń sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. DSM sọ pé èyí tó ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní DID tó ń wá sí kíníìkì ló ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn èèyàn láti dáhùn, nítorí abala 327 nínú òfin Criminal Code tó wà ní gúúsù Nàìjíríà ka ìgbìyànjú náà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè múni lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ẹni tí irú èrò yìí bá ń wá sí lọ́kàn, kó má dá nìkan wà, kó sì sọ fún ẹnì kan tó fọkàn tán àti fún oníṣègùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Aro fúnra rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹbí. Lántòrò ni ibùdó àkọ́kọ́, ní 1944, fún àwọn sójà tí ogun ti ba ọpọlọ wọn jẹ́. Lọ́dún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayé ṣì ń sọ títí dòní: ó fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan yóò tẹ̀ lé aláìsàn wá, yóò máa se oúnjẹ fún un, ó sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà. Lámbò kò bá babaláwo jà kó tó tọ́jú èèyàn. Láti 2011 ni Aro tún ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn láti mọ wárápá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wèrè àti àìsàn oògùn olóró. DID kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì Abigi tó bá mọ wárápá yàtọ̀, tó sì mọ̀ pé kí òun béèrè wákàtí tó sọnù, ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí iye wọn kò ju ọgọ́rùn-ún díẹ̀ lọ ní orílẹ̀-èdè tó ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ.

Nígbà tí ìyá padà wọlé, ohun tó béèrè ni ohun tí gbogbo ìyá ń béèrè. "Ṣé ẹ̀mí ni, àbí àìsàn?"

"Ìyá, ọmọ yín ló wà níbí, gbogbo rẹ̀. Ibi kan nínú rẹ̀ kò mọ ohun tí ibi kejì ń ṣe. A máa wò ó títí wọn yóò fi mọ ara wọn. Ẹ lè máa gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, kò gbọdọ̀ pàdánù oorun, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í ní orúkọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbikíbi." Kò sọ ìyẹn lásán. Ní 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì dè ní ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀sìn ní Nàìjíríà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ti gba ipò òfin tó wà láti 1916.

Inú fáìlì, dókítà kò tíì kọ DID. Ó kọ pé wọ́n fura sí i, pé kí wọ́n ṣe EEG, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò fún oògùn olóró, kí ọmọ náà padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Kò sí oògùn kan tó wà fún DID fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì ń gba ọdún. Ó fún un ní ìwé kékeré kan kó máa kọ ohun tó bá ṣe sínú rẹ̀, wákàtí sí wákàtí, kó sì fi àyè sílẹ̀ níbi tí kò bá mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá òun lè máa bá a kọ èyí tó bá gbàgbé. Dókítà ní rárá, àyè tó ṣófo ni òun fẹ́ rí.